Hánbíréèkì Ẹ̀gbọ́n Gan Paali

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi oní-Hilux o. Ọkùnrin mẹ́ta! Ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń rà torí kí wọ́n lè gun òkè, ẹ̀gbọ́n mi ra tiwọn, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ tí kò gbọdọ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní Ìbàdàn, ìlú olókè! Bí ẹ bá pè wọ́n sí òde ní Òkè Màpó, wọn kì í béèrè aṣọ ẹbí. Wọ́n á ní, "Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí?"

Kí ẹ wá wo tọkọtaya yìí nígbà tí wọ́n bá dé òde náà. Ìyàwó wọn á na ẹsẹ̀ láti ìjókòó tirẹ̀, tòun ti gèlè tó ga kan òrùlé ọkọ̀, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ̀gbọ́n á ká agbádá léjìká, wọ́n á bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé òkúta lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á fi há táyà.

"Ṣé kí n yọ ẹsẹ̀?"

"Má tíì yọ ọ́ o!"

Àwọn onílù tó ń sáré bọ̀ á dúró. Wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá kì, ẹ̀gbọ́n ni àbí òkúta. Bí ẹ bá ní hánbíréèkì ńkọ́, wọ́n á ní jíà kìn-ín-ní làwọn fi ọkọ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tí kọ̀ǹpúréṣàn rẹ̀ ti lọ, jíà wo ló fẹ́ dì í mú? Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ lọ sísàlẹ̀, bí onígbèsè tó fẹ́ sá kúrò ní ìpàdé.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí wọn kì í fi í fa hánbíréèkì: wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Àìfà yẹn gan-an ló bà á jẹ́! Wáyà irin lílọ́ ni hánbíréèkì ń fà, inú páìpù tó ní rọ́bà lára ló ti ń rìn. Bí rọ́bà yẹn bá sán lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, omi òjò àti ẹrẹ̀ á wọlé. Èyí tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ á ṣì máa rìn. Èyí tí wọ́n pa tì á dípẹtà mọ́ inú páìpù. Bẹ́ẹ̀, lára ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́, hánbíréèkì tí à ń fà yìí ló ń bá wa sún bíréèkì ẹ̀yìn mọ́ra bó ṣe ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n ò fà á, ni bíréèkì ẹsẹ̀ bá ń rì. Wọ́n ní àwọn tó ń ta bíréèkì fúlúùdù ló ń po omi mọ́ ọn.

Òṣìṣẹ́ VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò ló tú àṣírí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n fa hánbíréèkì kí òun wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ọ jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó mú! VIO ní ká máa lọ. Lílọ wo? Wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé, àmọ́ wáyà ò padà lẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn há, òórùn jíjó gba inú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n ní àwọn kan ló ń sun pàǹtí. Pàǹtí tó ń tẹ̀ lé wa láti Mọ́kọ́lá dé Sángo!

Mẹkáníìkì ní kí òun gé wáyà kí ọkọ̀ lè rìn. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ gbà. Ìyàwó wọn ló kọ̀, ó ní ó ti rẹ ẹsẹ̀ òun.

Ẹ̀gbọ́n gba ọjà Àràrọ̀mí ní Géètì lọ, wọ́n ra wáyà tòkúnbọ̀, wọ́n ní ojúlówó ni. Wáyà tí iyọ̀ táwọn òyìnbó ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ, òun lojúlówó! Mẹkáníìkì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ nílẹ̀: kò gùn tó o. Ti Hilux kúkúrú ni. Ẹ̀gbọ́n ní, "Fà á, á tó." Wáyà irin!

Ìgbà tí tuntun dé ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì há táyà iwájú, ó fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀, ó sì fi ìdúró irin tì í. Dúrọ́ọ̀mù lẹ̀ pa. Ẹ̀gbọ́n ti gbé hámà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Bólútì méjì ni mẹkáníìkì fi sí ihò kéékèèké tó wà lójú dúrọ́ọ̀mù, ó ń dì wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, dúrọ́ọ̀mù sì ti ara rẹ̀ jáde. Ó yọ orí wáyà lára ṣúù. Eyín tó tẹ̀ síta, tó di wáyà mú lára páànù ẹ̀yìn, sípánà onírìngì nọ́ńbà 12 ló fi bò ó. Eyín pa dé, wáyà jáde wẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n fi pláyà di orí kan mú, mẹkáníìkì di èkejì, wọ́n fà á títí, kò mì. "Ẹ da kẹrosín-ìn sí i," ni ẹ̀gbọ́n wí. Wáyà tó ti wà nílẹ̀!

Tuntun wọlé, wọ́n so ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, wọ́n sún ṣúù mọ́ra kí wọ́n tó di nọ́ọ̀tì wáyà lábẹ́ ọkọ̀. A gbé ọkọ̀ lọ sórí òkè Mọ́kọ́lá, ó dúró digbí. Ẹ̀gbọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń yan ká ọkọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pe mẹkáníìkì, tìbínú-tìbínú: "O ti ba jíà mi jẹ́! Ọkọ̀ ò lọ!"

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ti yí hánbíréèkì, kẹ́ ẹ sì tì í wọlé?"

Ẹ̀gbọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, wọ́n pa fóònù.