Oríkì Asíráǹsì Ìlera Amẹ́ríkà, A-gbowó-kí-ibà-tó-dé

Asíráǹsì ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ọlọ́lá, A-gbowó-kí-ibà-tó-dé, ni orúkọ ńlá tí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ máa ń bá pàdé ní Amẹ́ríkà kí ó tó mọ ọ̀nà ọjà. Arẹwà lójú ìwé, àwátì lọ́jọ́ àìsàn. Ọba tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún lóṣooṣù, tó sì lè lo ọdún kan gbáko láì yọjú síta. Kò sí ẹni tí í kí i tí kì í kọ́kọ́ tú àpò. Olówó ń ṣọ́ ẹnu bí ó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ń wárí fún un, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì ń wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo ẹran orí àjà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ forí balẹ̀ fún Ọlọ́lá kì í ṣe ọmọ olówó. Lọ́tìrì víísà ló gbé wọn débẹ̀. Òfin ọdún 1990 ló dá lọ́tìrì náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, kò sì ju víísà 55,000 lọ lọ́dún fún gbogbo ayé. Wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ láti orí lọ́tìrì ọdún 2015, ṣùgbọ́n orúkọ Bẹ̀nẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, débi pé bí Oṣù Kẹwàá bá ti dé láwọn ọdún yẹn, àwọn ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì a máa kún fún èrò tó ń ya fọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí, ìyàwó àti ọmọ. Kì í béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ Ọlọ́lá. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n máa béèrè: ní Oṣù Kẹwàá 2019, Ààrẹ Trump kéde pé ẹni tó bá fẹ́ víísà àgbélé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun yóò ní asíráǹsì láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn tó bá wọlé. Adájọ́ kan ní Oregon dá ìkéde náà dúró kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Ààrẹ Biden sì fagi lé e ní 2021.

Ìran Ọlọ́lá kò ga tó ìyìn tí wọ́n fi ń kí i. Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bí i, ní 1929. Ọsibítù Baylor bá àwọn tíṣà ìlú náà dá a pọ̀: kí oníkálukú máa san 50 sẹ́ǹtì lóṣù, bí àìsàn bá sì dá a wólẹ̀, kí ó sùn ní ọsibítù fún ọjọ́ 21 láì san kọ́bọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń dá tọ̀ntínì yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí olùṣàlàyé tó dákẹ́. Ọmọlúàbí ni Ọlọ́lá nígbà náà. Ogun Àgbáyé Kejì ló fún un ní ipò. Ní 1942, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de àfikún owó oṣù, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi asíráǹsì fa ojú wọn mọ́ra. Bí Ọlọ́lá ṣe gbé Iṣẹ́ níyàwó nìyẹn, tí ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń pàdánù tọkọtaya lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 30 Oṣù Keje 1965, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó bí àbúrò rẹ̀ méjì, Medicare fún àwọn àgbà àti Medicaid fún tálákà. Ní 23 Oṣù Kẹta 2010, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí èyí tó kọ́ ọjà fún un, wọ́n sì ṣí ọjà náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 1 Oṣù Kẹwàá 2013. Ojú òpó náà dákú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, bó ṣe yẹ ìwúyè ẹni ńlá.

Ní ọjà yẹn, aṣọ mẹ́rin ni Ọlọ́lá ń wọ̀: idẹ, fàdákà, wúrà àti pílátínọ́ọ̀mù. Idẹ ń gbé nǹkan bí 60 nínú 100 ìnáwó ìtọ́jú gbogbo àwọn oníbàárà lápapọ̀, fàdákà ń gbé 70, wúrà 80, pílátínọ́ọ̀mù 90. Owó oṣù idẹ ló kéré jù, ìyẹn ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń rà, á sì fi káàdì rẹ̀ sínú pọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìdùnnú. Káàdì náà dára púpọ̀. Orúkọ oníkáàdì wà lójú rẹ̀, nọ́ńbà gígùn wà lábẹ́ orúkọ, nọ́ńbà tẹlifóònù wà lẹ́yìn, ẹ̀rọ tó sì ń gbé ìpè nídìí nọ́ńbà yẹn ń kọrin fún ẹni tó bá dúró.

Oríkì gidi wà nínú ìwé tó bá káàdì wá. Àkọ́kọ́ ni deductible, A-jókòó-wo-aláìsàn-bó-ṣe-ń-sanwó. Iye tí aláìsàn gbọ́dọ̀ fi àpò ara rẹ̀ san lọ́dún kí Ọlọ́lá tó na ọwọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ 6,000 dọ́là, tí ọsibítù sì béèrè 4,000 lórí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ ló ni gbogbo 4,000, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù kò sì dúró. Ọlọ́lá á ní ó kú ìrọ́jú. Èkejì ni copay, Owó-ẹnu-ọ̀nà, tí wọ́n ń gbà kí dókítà tó bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn ún. Ẹ̀kẹta ni coinsurance, A-bá-ni-gbé-e-má-gbé-e-tán: deductible ti tán, síbẹ̀ Ọlọ́lá á ní kí aláìsàn ṣì mú ìdá kan nínú owó tó kù. Ẹ̀kẹrin ni network, A-yan-dókítà-fún-ẹni-tí-ara-ń-ro. Dókítà tó bá wà lóde àgbàlá Ọlọ́lá kì í ṣe dókítà lójú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilé onítọ̀hún ló kángun sí ti aláìsàn. Òfin fi ààlà sí gbogbo rẹ̀: ní 2025, ohun tí ẹnì kan lè fi àpò ara rẹ̀ san fún ìtọ́jú inú àgbàlá lọ́dún kò gbọdọ̀ ju 9,200 dọ́là lọ, ti ìdílé kò gbọdọ̀ ju 18,400. Ti ẹnì kan yẹn nìkan lé ní mílíọ̀nù márùn-ún sẹ́fà, owó oṣù kò sì sí nínú ìṣirò náà. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ní oore tó ń ṣe láì gba kọ́bọ̀: àjẹsára àti àyẹ̀wò ìfúnpá wà lára rẹ̀, kò sì lè lé ẹnikẹ́ni nítorí àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin 2010 ló fi dandan mú un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí aláìsàn ti padà sílé, lẹ́tà kan á dé. Orúkọ dókítà àti ọjọ́ ìtọ́jú wà lápá òsì. Iye tí ọsibítù béèrè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iye tí Ọlọ́lá gbà pé ó tọ́, lẹ́yìn náà iye tó san, tó lè jẹ́ òdo. Ní ìkángun lápá ọ̀tún ni iye tó ṣeé ṣe kí aláìsàn jẹ. Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé náà pé kì í ṣe ìwé owó. Òótọ́ ni. Ìwé owó gan-an ń bọ̀ láti ọsibítù, ti dókítà tó wo fọ́tò egungun ń bọ̀ lọ́tọ̀, ti ọkọ̀ tó gbé aláìsàn ń bọ̀ lọ́tọ̀. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022 dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ owó òjijì àwọn tó wà lóde àgbàlá. Ó mẹ́nu kan ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé aláìsàn. Èyí tó ń rìn lórí títì, tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, kò sí níbẹ̀.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù mọ iye ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n máa fà sí i lára kí wọ́n tó fà á, torí òun fúnra rẹ̀ ni yóò sáré lọ rà á. Ìyà ni, ṣùgbọ́n ìyà tó níye ni. Kì í sì í ṣe pé ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò gbọ́ asíráǹsì rí. Ní Oṣù Kejìlá 2011, ìjọba Ààrẹ Boni Yayi fi ayẹyẹ bí RAMU, asíráǹsì gbogbo mùtúmùwà. Ọmọ náà kò rìn dáadáa, ìjọba Ààrẹ Talon tó dé ní 2016 sì fi ARCH rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ARCH bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní 2019, Dàsá àti Glazoué, àwọn aládùúgbò Ṣábẹ̀ẹ́, wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò, òfin 3 Oṣù Kejì 2021 sì sọ asíráǹsì ìlera di dandan ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ti ibẹ̀ lọ mọ bí ìlérí ṣe ń rí. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ ní ti pé ó ń mú ìlérí ṣẹ, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ń mú un ṣẹ fún.

Ilẹ̀kùn tó gbòòrò jù sí ààfin Ọlọ́lá ni iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi asíráǹsì lọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 30 lọ́sẹ̀, tàbí kí ó sanwó ìtanràn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dúró ju ọjọ́ 90 lọ. Ìdí nìyí tí wákàtí 29 fi dùn mọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kan. Ilẹ̀kùn kejì ni ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò kan lọ́dún ni ọjà náà ń ṣí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àgbélé ní ọjọ́ 60 tirẹ̀ láti wọlé. Ọjọ́ yẹn kò dúró de ẹni tó ṣì ń wá yàrá àti iṣẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá á dúró síta títí ọjà á fi tún ṣí. Ìjọba ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ san lára owó oṣù.

Ilẹ̀kùn kẹta, Medicaid, ni oríkì tó dùn jù. Ní ìpínlẹ̀ 40 àti olú ìlú Washington, anìkàngbé tí owó rẹ̀ kò tó 21,597 dọ́là ní 2025 lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òfin tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí ní 22 Oṣù Kẹjọ 1996 ní kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìwé àgbélé dúró fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó sá wá fún ẹ̀mí rẹ̀ kò sí nínú ìyẹn. Ẹni tí lọ́tìrì gbé wá wà nínú rẹ̀. Láti 2009, ìpínlẹ̀ lè yọ̀ǹda fún aláboyún àti ọmọdé, ọ̀pọ̀ sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Títí dé òpin 2025, àlejò tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí owó rẹ̀ sì kéré jọjọ, lè gba ìrànwọ́ ìjọba lọ́jà, torí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn Medicaid mọ́ ọn. Òfin tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní 4 Oṣù Keje 2025 mú oore yẹn kúrò láti ọdún 2026. Ní báyìí, anìkàngbé nínú irú àlejò bẹ́ẹ̀ tó ń gba 16,000 dọ́là lọ́dún lè rí ìrànwọ́. Ẹni tó ń gba 15,000 kò lè rí i, torí pé kò dé ojú ìlà òṣì, tí ó jẹ́ 15,650 ní 2025. A-lé-tálákà-nítorí-pé-ó-jẹ́-tálákà. Akéwì ààfin kò lè ronú kan èyí.

Bí ìyá bá ti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ tọ́jú ìyá ìkókó fún oṣù mélòó kan, Ọlọ́lá kò mọ̀ ọ́n rárá. Olùbẹ̀wò kò lè ra nǹkan ní ọjà náà. Asíráǹsì arìnrìn-àjò ni wọ́n ń rà fún irú wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í fọwọ́ kan àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìyá àgbà gbé wọ ọkọ̀. Bí ó bá wá gba ìwé àgbélé, Medicare ń béèrè iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà. Bí kò bá ní i, á gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún ná, lẹ́yìn náà á máa rà á: ní 2025, ti ọsibítù nìkan lè tó 518 dọ́là lóṣù, ti dókítà jẹ́ 185.

Àwọn tó ń fara wé Ọlọ́lá tún wà. Wọ́n ń pe fóònù ní àárọ̀ kùtù, wọ́n ń ta èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ètò oṣù díẹ̀ wà níbẹ̀, ètò onígbàgbọ́ tí wọ́n fi ń pín owó ìtọ́jú láàárín ara wọn wà níbẹ̀, èyí tó ń san iye kan pàtó lójúmọ́ wà níbẹ̀. Òfin 2010 kò de púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì lè kọ̀ láti sanwó àìsàn àtijọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó wọ agbádá ọ̀gá ni wọ́n.

Ẹni tí gbogbo ilẹ̀kùn bá tì mọ́ kò kú síta tán. Òfin ọdún 1986 fi dandan mú ọsibítù tó ní yàrá pàjáwìrì láti yẹ ẹnikẹ́ni wò, kí wọ́n sì mú ara rẹ̀ dúró, láì béèrè asíráǹsì. Kò sọ pé kí wọ́n má kọ owó. Ní ti pàjáwìrì, títí kan ìbímọ, Medicaid ń sanwó fún àlejò tálákà tí kò tíì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀. Fún ikọ́, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò tí ìjọba àpapọ̀ ń ràn lọ́wọ́ wà káàkiri, bíi 1,400 àjọ ló ń darí wọn, àkọ́kọ́ wọn sì ṣí ní Boston ní 1965. Bí owó tó ń wọlé fún ènìyàn bá ṣe rí ni wọ́n ń díye lé e. Ìlú New York ní ètò tirẹ̀, NYC Care, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bronx ní 2019 fún ẹni tí kò lè rí asíráǹsì rà. Ọsibítù tí kì í ṣe ti èrè gbọ́dọ̀ ní ètò ìdáríjì owó tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún aláìsàn pé ó wà. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń béèrè ìwé owó iṣẹ́ àti iye ènìyàn tó wà nílé. Aláìsàn ní ọjọ́ 240, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìwé owó àkọ́kọ́, láti kọ ọ́ wọlé.