Fíìmù Jẹ Oorun, Ìwé Jẹ Eruku

Ẹ bi Ìyá Abẹ́ Àgbọn léèrè

Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi lóṣù yìí ń rò: kò sáyè. Ẹni tí kò ráyè kàwé ń ṣépè fún fíìmù, ẹni tí kò ráyè wo fíìmù ń ṣépè fún iṣẹ́. Ẹni tó ráyè fún méjèèjì kò kọ lẹ́tà, ó ń sùn. Gbàjí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá, bóyá torí pé ojú ọ̀nà tó lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń rí bí gbogbo ayé ṣe ń sáré kọjá, àwọn náà wá rò pé àwọn ń sáré. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe dá wọn lóhùn. Ẹni tí ìmọ̀ràn mi bá dá ìjà sílẹ̀ nílé rẹ̀, kó rántí pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà.

*Ìyá wa, mo kí yín. Ìyàwó mi ń yan ẹja ní Gbàjí níbí, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àmọ́ láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti ra fóònù olójú gbàgàdà fún un, fíìmù Yorùbá ló ń wò nídìí àrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, odidi agbọ̀n ẹja kan di èédú. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní olorì inú fíìmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jẹ́wọ́ ni. Kí ni kí n ṣe sí fóònù yìí? — Ọkọ Ẹlẹ́ja*

Ọkọ Ẹlẹ́ja, kí n tó dá ẹ lóhùn, níbo lo wà nígbà tí ẹja ń jó? O sọ ibi tí ìyàwó wà, o sọ ibi tí fóònù wà, o sọ ibi tí olorì bá ọ̀rọ̀ dé, o fo tìrẹ. Ọkọ tó bá fo tirẹ̀ nínú lẹ́tà, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo máa ń kọ́kọ́ wá a lọ. Bọ́ọ̀lù kan, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín, èyí tí réfírì fi kún un, àti àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e tí réfírì kankan kò lè fọn fèrè sí. Ìyàwó rẹ ń wo fíìmù, ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ń wo bọ́ọ̀lù, o ń jẹ ẹ̀pà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń yan ẹja á jókòó ti iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èéfín lójú, ooru láyà. Kí lo fẹ́ kó máa wò? Ẹja? Nígbà tí sinimá kọ́kọ́ dé Èkó ní 1903, gbọ̀ngàn Glover ni èèyàn ní láti lọ kó tó rí i. Nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé Ayé jáde ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980, èèyàn á wẹ̀, á wọṣọ, á sanwó ẹnu ọ̀nà, á sì tò sórí ìlà. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílé. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò dé, ó gbé e wá sí pálọ̀, àmọ́ ó ṣì nílò tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ, àti iná ọba tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lónìí, Jagun Jagun tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2023 wà lórí Netflix, àìmọye mìíràn wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, tí a bá yọ ti owó dátà tó ń gbẹ́mìí ẹni. Wákàtí ò pọ̀ sí i, mẹ́rìnlélógún ló ṣì wà. Fíìmù ló dìde láti gbọ̀ngàn, tó rin ìrìn àjò títí tó fi bá ìyàwó rẹ nídìí àrò. Àlejò tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, o fẹ́ kó lé e?

Má fọwọ́ kan fóònù náà. Lálẹ́ òní, gbé àpótí ìjókòó rẹ lọ sídìí àrò, sọ fún un pé ìwọ náà fẹ́ wò ó. Kí ẹnì kan di fóònù mú, kí ẹnì kejì máa yí ẹja. Níbi tí olorì bá ti fẹ́ jẹ́wọ́, ìwọ ni kó o yí ẹja, torí ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o kò mọ ohun tó ṣe. Tó o bá wá rí i pé o kò ráyè fún èyí, kọ̀wé sí mi padà, kó o sọ iye góòlù tí wọ́n jẹ. Ní ti ẹja tó di èédú, ẹ ha èédú ara rẹ̀ kúrò, kí ìyàwó rẹ fi se ọbẹ̀ fún ẹ. Má bi í pé kí ló dé tí ó fi korò.

*Ẹ káàárọ̀, mà. Mo wà ní SS3. Tíṣà Yorùbá wa ní ká ka Ó Le Kú. Mo ti wo fíìmù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì gan-an ni mo wò ó. Màmá mi ṣì ń sọ pé mi ò kàwé. Mà, ṣé ẹni tó wo fíìmù ìwé kò tíì ka ìwé náà ni? — Ọmọ Tó Gbọ́n*

Ọmọ Tó Gbọ́n, o gbọ́n lóòótọ́, àmọ́ ìyá tó bí ẹ kò gọ̀.

1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé yẹn jáde. 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Fún gbogbo ọdún tó wà láàárín méjèèjì, oníkálukú ló ń fi ọkàn ara rẹ̀ ya Àṣàkẹ́ inú ìwé náà bó ṣe wù ú. Àṣàkẹ́ tèmi sanra díẹ̀, ó ní èjí, ohùn rẹ̀ sì tinrín. Fíìmù dé, ó gba Àṣàkẹ́ mi, ó fún mi ní ti ẹlòmíràn. Mo ṣì ń bínú. Àmọ́ n kò ní purọ́ mọ́ fíìmù náà, ohun tó ṣe, ìwé ò lè ṣe é: ìró kúkúrú tó mọ sí orúnkún, tí àwọn omidan máa ń wọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, fíìmù náà ló tún gbé e padà wá sí òde ìnáwó, olékú ni télọ̀ ń pè é dòní. Kò sí télọ̀ tó lè fi ojú ìwé wọn ìbàdí èèyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni pé olùdánwò kì í béèrè irú ìró tí Lọlá wọ̀ nínú fíìmù. Ohun tí òǹkọ̀wé ṣe ló ń béèrè: bó ṣe to ọ̀rọ̀, ẹni tó jẹ́ kó máa dápàárá, ìgbà tó dá sí i àti ìgbà tó dákẹ́. Ìyẹn ò sí nínú ohun tó o wò, iṣẹ́ ẹlòmíràn lo wò.

Gbọ́ ohun tí wàá ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, fi pẹ̀lẹ́tù pe màmá rẹ sí pálọ̀. Tan fíìmù náà, kó o pa ohùn rẹ̀ pátápátá. Ṣí ìwé, bí àwọn òṣèré ṣe ń la ẹnu, máa ka ọ̀rọ̀ inú ìwé sókè fún un. Kò ní bára mu. Àjàní á ti dé ẹnu ọ̀nà nínú fíìmù nígbà tí ìwọ ṣì ń wá ibi tó ti jí. Gbogbo ibi tí kò bá ti bára mu, fi bírò sàmì sí i, ibẹ̀ ni ìdánwò máa ti jáde. Tí mo bá sì mọ ìyá, kò ní pẹ́ tí á fi gba ìwé lọ́wọ́ ẹ pé kó o jẹ́ kí òun wo ohun tó kàn. Tó bá gbà á, má bá a jà. Dúró di ọ̀sán, kó o wá rọra bi í pé: “Màmi, ṣé ẹ ò tíì ráyè dáná ni?” Sá lẹ́yìn èyí.

Ó dùn mí pé o kò bá Atọ́ka láyé. Ìwé ìròyìn ni, àwọn ọdún 1970 ló gbayé: fọ́tò àwọn òṣèré tíátà ni wọ́n fi ń sọ ìtàn láti ojú ewé dé ojú ewé, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn a sì wà lára àwòrán. Ọmọ tí ìyá bá ká mọ́ ibi tó ti ń ka Atọ́ka lè sọ pé ìwé lòun ń kà, ó lè sọ pé eré lòun ń wò, òtítọ́ ni méjèèjì. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìwọ ń wá, wọ́n ò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

*Ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọjà Sẹ̀mẹ̀ ni mò ń ná. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ra Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ pé kí n máa kà á fún àwọn ọmọ mi. Mi ò tíì kọjá ojú ìwé kẹfà. Ọ̀nà, ọjà, ọmọ, ìṣọ́ òru. Níbo ni kí n ti rí àyè? — Oníṣòwò*

Oníṣòwò mi, 1938 ni Fágúnwà gbé ìwé yẹn jáde, kò ní kú nítorí ọdún mẹ́ta tìrẹ. Kò sì nípọn. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ojú ìwé, tí ojú ìwé méjì bá ń wọlé lójúmọ́, kò ní tó oṣù méjì tí wàá fi parí rẹ̀.

Àmọ́ n kò gbà pé àyè ló wọ́n. Nígbà tí ìjọba ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ ní August 2019, tí wọn ò ṣí i títí di December 2020, ẹ̀yin oníṣòwò ní àyè tó ju àyè lọ. Ṣé ẹ kàwé? Ojú ọ̀nà lẹ̀ ń wò, bóyá wọ́n á ṣí i lọ́la. Ẹni tí gbèsè ń pè lórí fóònù kò lè bá Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé náà, wọ igbó, kódà bó bá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé náà bú ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bú ẹ, kó kọ́kọ́ ná ọjà Sẹ̀mẹ̀ fún oṣù kan.

Ní báyìí tí ọ̀nà ti là, ojú ọ̀nà gan-an ni àyè rẹ wà. Láti Gbàjí dé Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀ ju àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe lọ: aṣọ dúdú, aṣọ eérú, aṣọ kákí, àti èyí tí kò wọ aṣọ kankan tó jọ ti ìjọba. Ibi tí dẹ́rẹ́bà bá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ kí ọ̀gá, ibẹ̀ ni kó o ti ṣí ìwé. Ìdádúró kan, ojú ìwé kan. Kó o tó dé ibodè, ọdẹ náà á ti wọ inú igbó ṣinṣin. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé kí lo gbé dání, má purọ́. Sọ pé, “Igbó tó kún fún iwin ni, sà.” Tí ọ̀gá náà bá ní òun gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, gbé e fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tó bá fi lè ka ojú ìwé méjì, á gbàgbé ẹrù rẹ. Kí o má ṣe gbàgbé ìwé rẹ sọ́dọ̀ rẹ̀ o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Èkó, tiyín tún yàtọ̀. Rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní September 2023 ń sáré jù, ẹ ò ní ráyè wá ibi tí ẹ kàwé dé. Mile 2 sí Àgbádárìgì ni kí ẹ mú ìwé tó nípọn dání fún.

*Ìyá wa, mò ń wo fíìmù lóru, jẹnẹrétọ̀ mi ń pariwo. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Sáńgbétò, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, lẹ́nu ọ̀nà mi. Kí ni kí n ṣe? — Ẹni Tó Ń Kọ̀wé Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì*

Kò wá wo apá kejì. Pa jẹnẹrétọ̀.

*Ìyá wa, iṣẹ́ tíṣà ni mo ti fẹ̀yìn tì, ìwé kún ilé mi. Àwọn ọ̀dọ́ Gbàjí ò kàwé mọ́, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ tọ̀sán tòru. Kí la lè ṣe kí wọ́n lè máa kàwé? — Tíṣà Àgbà* (Mo gé lẹ́tà yìí kúrú. Ojú ewé mẹ́rin ni, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìwé.)

Tíṣà Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Ó tọ́ kó dùn yín. Àgbádárìgì tí kò jìnnà sí yín, ibẹ̀ ni àwọn Mẹ́tódíìsì ti dá ilé ìwé sílẹ̀ ní 1843, ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther gbé láti 1845 kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta lọ́dún tó tẹ̀lé e. Àmọ́, sà, nínú gbogbo orúkọ ìwé tí ẹ tò yẹn, ẹ ò sọ ọ̀kan ṣoṣo tó dùn mọ́ yín. Ìwé wo ni ẹ kà gbẹ̀yìn? Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ dá ọkàn yín lóhùn.

Ní 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó ní Sẹ̀gilọlá lorúkọ òun, òun ti jayé kọjá ààlà, àìsàn ti dé, òun fẹ́ ròyìn ohun tí ojú òun rí lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́. I.B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wàásù fún ará Èkó pé kí wọ́n máa kàwé o. Ìtọpinpin ló ń tì wọ́n kiri. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ lẹ́tà tèmi wà láàyè.)

Nítorí náà, sà, ẹ yéé wàásù. Ẹ kó ìwé kúrò ní pálọ̀, ẹ tì wọ́n mọ́ yàrá, ẹ sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò pé èyí tó wà níbẹ̀ kò yẹ wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò bá sí, tí fóònù wọn ti kú, ẹ gbé Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde. Ẹ ka ibi tí Làpàdé ti ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn fún wọn. Tó bá ti gbóná, ẹ pa ìwé dé, ẹ ní ojú ń dùn yín. Kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá sílẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó gbàgbé. Tí ìwé méjì bá sọnù láàárọ̀, ẹ má lọ fẹjọ́ sùn, iṣẹ́ yín ti yọrí nìyẹn.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ kọ lẹ́tà yín sórí bébà, kó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tó ráyè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá láìmí, ó ráyè kọ̀wé.