Boris Becker Tún Ní Òun Kọ́!

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ wá wo ohun tí Boris Becker fi ara rẹ̀ dà! Ẹ má bá mi ka ayé sí i o, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni ọmọ Leimen ní Jámánì yìí nígbà tó gba ife tẹníìsì Wimbledon ní 1985. Wọn ò tiẹ̀ ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó lè gbégbá orókè. Ó na Kevin Curren ní àṣekágbá, ó padà wá gba ife náà ní 1986 àti 1989. Bọ́ọ̀lù tó bá kọ́kọ́ gbá ń dún bí ìbọn. Nígbà tó fi máa kógbá wọlé, ó ti gba ife ńlá mẹ́fà, owó ẹ̀bùn rẹ̀ sì ti tó mílíọ̀nù 25 dọ́là. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi irọ́ ṣe?

Ó kọ́kọ́ ní òun kì í gbé Jámánì. Monaco lòun ń gbé, níbi tí owó orí kò ti í pa olówó lára. Àwọn agbowó orí tú ìdí ọ̀rọ̀: láàárín 1991 sí 1993, Munich lọkùnrin náà ń sùn tó ń jí. Ní 2002, adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un, ṣùgbọ́n wọn ò tì í mọ́lé. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn, kó lọ máa ṣe jẹ́jẹ́. Ẹni tó létí ì bá ti gbọ́.

Ti ọmọ wá ńkọ́? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí àwọn ọmọdé wà nílé. Lọ́dún 1999, lálẹ́ ọjọ́ tí Pat Rafter na án kúrò ní Wimbledon, ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Ọ̀gbẹ́ni gba ilé oúnjẹ Nobu ní London lọ, ó sì pàdé obìnrin ará Rọ́ṣíà kan níbẹ̀. Nílé oúnjẹ o! Ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe oúnjẹ. Obìnrin náà bímọ ní 2000, Becker ní òun kọ́. Ọmọ gbé ojú àti irun pupa bàbá rẹ̀ wáyé, ó ṣì ní òun kọ́. Àyẹ̀wò DNA ló pa á lẹ́nu mọ́ ní 2001, ọdún tí òun àti ìyàwó ilé kọ ara wọn sílẹ̀.

Èyí tó wá ká mi lára jù rèé. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ ní London kéde pé gbèsè ti borí rẹ̀. Ó yáwó báńkì, kò san án. Nígbà tó di 2018, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, aṣojú ìjọba ni, Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ló yàn án sí Yúróòpù fún ọ̀rọ̀ eré ìdárayá. Háà! Orílẹ̀-èdè tí ogun ti lé ará ìlú káàkiri, abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ Leimen yìí fẹ́ sá sí nítorí gbèsè. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn lọ́hùn-ún ní ayédèrú ni ìwé ìrìnnà tó ní lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí Becker fúnra rẹ̀ fi jáwọ́.

Ní 2022 ó dé kóòtù Southwark lórí ọ̀rọ̀ gbèsè náà. Ká sòótọ́ fún un: ẹ̀sùn 24 ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀, ó bọ́ nínú 20, títí kan ti àwọn ife ẹ̀yẹ tí wọ́n ní ó kó pamọ́. Mẹ́rin ló mú un. Ó fi ilé kan pamọ́ ní Leimen, ìlú tí wọ́n bí i sí gan-an! Ó fi ẹ̀yáwó 825,000 yúrò pamọ́. Owó tó yẹ kó fi san gbèsè, ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tó ti fẹ́ rí. Ó tún so táì aláwọ̀ Wimbledon mọ́rùn wá gba ìdájọ́, adájọ́ sì ní òun ò rí ìrẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀. Ọdún méjì àti ààbọ̀! Ẹ̀wọ̀n Wandsworth ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ, tí kò jìnnà sí Wimbledon. Oṣù mẹ́jọ ló lò kí wọ́n tó dá a padà sí Jámánì.

Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ó ṣe ìgbéyàwó kẹta ní Portofino, ní Ítálì. A bá wọn yọ̀. Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tọ́jú rísíìtì o.