Ọdẹ Ìtànṣán

Ọdẹ ìtànṣán ni arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó tún ń fi mọ́tò rin ọ̀pọ̀ wákàtí nínú aṣálẹ̀, kí ó lè ya fọ́tò oòrùn níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ibi tó ti pọ̀ jù ni Antelope Canyon, pàlàpálá àpáta kan nítòsí ìlú Page, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó rí jẹ ni, ó sì ní iṣẹ́ gidi nílé: ó lè jẹ́ dókítà eyín, ó lè jẹ́ lọ́yà, ó lè jẹ́ ọ̀gá báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, "Fọ́tò ni mò ń yà" ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Igbó tó ń dẹ ní onílẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Navajo ni, àwọn tó ń pe ara wọn ní Diné, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ pàlàpálá náà láìsí afinimọ̀nà níwájú. Méjì ló lókìkí jù nínú pàlàpálá ọ̀hún, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Tsé bighánílíní ni àwọn onílẹ̀ ń pe ti òkè: ibi tí omi ti ń gba inú òkúta ṣàn. Orúkọ yìí ti parí ìtàn. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 190 ọdún sẹ́yìn, òkìtì iyanrìn tí atẹ́gùn ń gbá kiri ni àpáta yìí. Iyanrìn dì, ó di òkúta. Nígbà tó yá, àgbàrá òjò rí ibi tó sán lára òkúta náà, ó ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó gbé dání ha ògiri ọ̀tún, ó ń ha ti òsì, bí kápẹ́ńtà ti ń fi sáńpépà ha pákó, títí ògiri fi dán, tó sì lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn kò tíì sá. Omi ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ọdẹ ìtànṣán kì í sì í bèèrè omi.

Pàlàpálá ti òkè fẹ̀ nísàlẹ̀, ó há lókè. Nítorí náà ni oòrùn ṣe ń gba ojú ihò kékeré wọlé, tó ń dúró gbọnrangandan nínú òkùnkùn bí ọ̀pá. Ẹni tó bá ti sùn rí nínú yàrá tí páànù rẹ̀ lu mọ irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀ kó tó rí i. Ti Arizona ní àsìkò: láti ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ga tó. Tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí wọ̀nyí ló wọ́n jù, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ tán. Ẹran igbó kì í bá ọdẹ dá àkókò. Èyí ń dá a, ọdẹ rẹ̀ sì tún ń ṣì í. Ìdí ni pé Arizona kì í yí aago padà nígbà ooru, ilẹ̀ Navajo ń yí tirẹ̀, Page sì ń bá Arizona lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni aago ìrìn pàlàpálá. Fóònù tó bá ń mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí, tó tún ń mú ti ọ̀hún, a máa fo wákàtí kan. Ọdẹ tí kò mọ nǹkan kan nípa èyí máa ń fi wákàtí kan tètè dé. Èyí tó ti kà nípa rẹ̀, tó yọ wákàtí kan kúrò lára aago tó tọ́, ni ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ lọ.

Ẹrù rẹ̀ tó ti ọdẹ aperin: kámẹ́rà méjì, lẹ́ǹsì mẹ́rin, bátìrì tó lè tanná fún abúlé kan, àti tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé kí ó má baà mì, nítorí inú pàlàpálá ṣókùnkùn, kámẹ́rà sì ní láti lajú pẹ́ kó tó ríran. Ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń sọ fún un pé kí àpò padà sínú mọ́tò, kí tripod tẹ̀lé àpò, kí igi selfie tẹ̀lé tripod. Títí di ìparí ọdún 2019, ìrìn àkànṣe wà fún àwọn tó bá fẹ́ gbé tripod wọlé. Wọ́n ti fagi lé e. Àgbà ọdẹ tó bá ìgbà yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí arúgbó ti ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí tọ́rọ́ ń ra àjẹyó.

Ohun tó fẹ́ yà kò ṣàjèjì sí i. Ó ti rí i lórí kàlẹ́ńdà, ó ti rí i lára ògiri hòtẹ́ẹ̀lì. Àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Ti ọdẹ yìí wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú fóònù rẹ̀, ó ti fi pamọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kó lè mọ ibi tí yóò dúró sí. Bí ohun tó bá níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti kàlẹ́ńdà, pàlàpálá ló ṣẹ̀.

Nínú pàlàpálá, iṣẹ́ ọdẹ pín sí méjì: afinimọ̀nà ń ṣe é, ọdẹ ń gba orúkọ rẹ̀. Afinimọ̀nà á gba fóònù àwọn èrò lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe kí ògiri lè pọ́n, á sì fi ibi tí òkúta ti dà bí ọkàn tàbí bí béárì hàn wọ́n. Bí ìtànṣán bá balẹ̀, á bu iyanrìn, á dà á sókè sínú ìmọ́lẹ̀, nítorí eruku ló ń mú kí ìtànṣán hàn ketekete. Ọdẹ kúnlẹ̀, ó pa èémí mọ́, ó tẹ kámẹ́rà nígbà mẹ́rìnlá. Iyanrìn rọ̀ sí i lórí, ó rọ̀ sí lẹ́ǹsì, ó wọ ẹnu rẹ̀, eyín ń ta bí ìgbà tó jẹ gààrí oníyanrìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Lẹ́yìn rẹ̀, èrò ti tò lọ réré, wọ́n ń dúró dè é. Ìyá àgbà kan fẹ́ kọjá. Ọdẹ na ọwọ́ òsì dá a dúró láìwojú rẹ̀, bí ọlọ́pàá ojú títì. Àkọlé fọ́tò náà yóò jẹ́ Ìdánìkanwà.

Irin tó dógùn-ún nínú iyanrìn ló pọ́n ògiri náà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé ń ta láti ara ògiri kan sí èkejì, bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń kó pupa sára; ibi tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà nìkan ló kàn án a máa dà bí àlùkò lójú kámẹ́rà. Ohun tí ojú lásán rí kì í tó ọdẹ. Nílé, lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fa àwọ̀ sókè títí ògiri fi pọ́n bí epo tuntun. Ó ní àwòkọ́ṣe: ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán Peter Lik kéde pé wọ́n ti ta Phantom, fọ́tò tó yà ní Antelope Canyon, ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là fún ẹni tí wọn kò dárúkọ. Dúdú àti funfun ni fọ́tò náà, eruku inú ìtànṣán ibẹ̀ sì dà bí iwin tó nàró. Gbogbo ọdẹ ló mọ iye yẹn lórí. Díẹ̀ nínú wọn ló ti bèèrè iye tí ẹni tó ń bu iyanrìn ń gbà lóòjọ́.

Ṣùgbọ́n ìtànṣán kọ́ ló ni ibùba yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, òjò rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn sí pàlàpálá ti ìsàlẹ̀. Lórí pàlàpálá fúnra rẹ̀, òjò kò tó nǹkan. Àgbàrá kóra jọ, ó gba ojú ọ̀nà tó ti ń gbà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó sì pa arìnrìn-àjò 11. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti de àkàbà irin mọ́ òkúta, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ibi tó jìnnà, kì í ṣe ti orí wọn nìkan. Bí wọ́n bá ní ìrìn kò ní í wáyé nítorí òjò tí ẹnì kankan kò rí, ọdẹ a gbójú sókè, a rí sánmà tó mọ́ roro, a bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún owó rẹ̀. Òun náà kúkú ń wo ojú ọjọ́: ìkùukùu tó lè bo ìtànṣán ló ń ṣọ́.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ọdẹ ìtànṣán kì í ṣe ahun bẹ́ẹ̀. Kó tó kúrò ní Page, ó ti pín ẹran kan ọ̀rẹ́, ó pín in kan ìbátan, ó pín in kan ẹni tí kò bèèrè, ó sì ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí igun rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Àwọn kan nínú àwọn tó gbà á kò ní ibi tí wọn yóò fi í sí: tiwọn, tí wọ́n pa lójú ibi kan náà lọ́dún tó kọjá, ṣì wà nínú fóònù. Ní aago mọ́kànlá ọjọ́ kejì, ẹran náà ti jí dìde, afinimọ̀nà sì ti tún bu iyanrìn sọ́wọ́.