Ẹ Ta Fáànù, Ẹ Yé Ta Iná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fáànù kọ̀ǹpútà. Fáànù tí kò ní pariwo, tí owó rẹ̀ kò sì ní gba oúnjẹ lẹ́nu mi, ni mo ń wá. Iná aláràbarà ni wọ́n ń gbé fún mi.

Ìwáyà, l'Ékòó, ni mò ń gbé, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń jí kí àkùkọ tó jí. Àwọn kan ní kí ni mo fẹ́ fi fáànù jẹ́jẹ́ ṣe ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Òru ni mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà l'Akọka tẹ pírójẹ́ẹ̀tì wọn, àwé! Bí epo bá ti tán nínú gbogbo jẹnẹrétọ̀, tí NẸ́PÀ wá ṣàánú wa, kọ̀ǹpútà mi nìkan ló kù tó ń ké. Yàrá-kojú-yàrá sì ni wá. Ọmọ ọwọ́ á bú sẹ́kún, ìyá ọmọ á dárúkọ mi nínú àdúrà.

Èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ní Màkókò, tó múlé tì wá, tún dá kún un. Ẹja yẹn dùn o, n kò purọ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ apá fáànù, eruku ń lẹ̀ mọ́ èéfín. Bí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà, òórùn ọbẹ̀ ló ń kí mi.

Mo gba Computer Village lọ, n'Ikẹjà. Báwo lèèyàn ṣe ń dán fáànù tí kì í pariwo wò nínú ọjà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń ké lọ́tùn-ún lósì? Ọmọkùnrin kan tan tirẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ gbọ́, kò dún rárá!” Lóòótọ́, n kò gbọ́ ọ. N kò gbọ́ ohun tí òun náà ń sọ, ètè rẹ̀ ni mo ń wò. Mo béèrè iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ó ní àwọ̀ méje ló ní. Mo béèrè irú bẹ́árìn tó wà nínú rẹ̀, ó ní èyí tó ń tan pupa ló ń tà jù.

Àwọ̀ kọ́ ni mo bá wá. Fáànù 80 mílímítà gbọ́dọ̀ sáré tó bíi ìlọ́po mẹ́ta ti 120 mílímítà kó tó fẹ́ atẹ́gùn kan náà, eré yẹn gan-an ló ń di ariwo. Oníwáyà mẹ́rin ló dáa: wáyà kẹrin ni motherboard fi ń sọ fún un pé kó dẹ eré nígbà tí ooru kò pọ̀. Oníwáyà méjì tí wọ́n so mọ́ iná tààrà, àsápajúdé ló ń sá tilẹ̀ á fi mọ́. Bẹ́árìn olówó pọ́ọ́kú, ooru á gbẹ epo inú rẹ̀, ó di pé kó máa han.

Fáànù Noctua, ará Austria, jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ owó rẹ̀ ń dún ju fáànù lọ. Arctic P12 dínwó jù ú lọ. Àwọn oníṣòwò tí mo bi léèrè ní kì í tàn, ìdí nìyẹn táwọn kì í fi í gbé e wá. Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹnu wáyà àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé oníwáyà mẹ́rin wá, 120 mílímítà, kó dúdú, kó má tàn. Bó bá ti dé, n kò ní ná an ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.