Ayálégbé Orí Igi Oak

Igi oak kan wà lẹ́yìnkùlé Bàbá Àlàbá ní àdúgbò Cascade, ní ìlú Atlanta, òun àti igi náà kì í sì í ṣọ̀rẹ́. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, orí mọ́tò bàbá ni gbogbo ewé rẹ̀ ń bọ́ sí. Lóru, èso rẹ̀ a máa já lu òrùlé, gbà, gbà, bí ẹni pé adigunjalè ń kanlẹ̀kùn. Bàbá fẹ́ gé e lulẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìlú Atlanta kò fàyè gba kí onílé kàn gbé ayùn ti igi ńlá, ìbáà jẹ́ nínú àgbàlá ara rẹ̀, láìgba ìwé àṣẹ.

“Ilẹ̀ mi, igi mi, ìwé wọn!” Bàbá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a bu omi mu.

Dúpẹ́, ìyàwó àbúrò rẹ̀, tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ọgbà lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ Yunifásítì Georgia, ló mú ìmọ̀ràn wá ní ọjọ́ Sátidé kan. Bí igi kò bá ṣe é gé, ó ṣe é wọ̀ láṣọ.

“Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gbin róòsì tó ń gungi sí ìdí rẹ̀. Á pọ́n ọn lọ, á sì da òdòdó bò ó.”

Bàbá dìde dúró. “Afòmọ́! Ìyàwó wa, o fẹ́ fi afòmọ́ pa igi mi?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. “Ṣé ó máa pa á lóòótọ́? Ìjọba ò ṣáà lè mú afòmọ́ lọ kóòtù.”

“Kò ní í pa á, sà. Ara igi ni afòmọ́ ti ń mu omi, kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Róòsì ní gbòǹgbò tirẹ̀. Ó kàn ń fẹ̀yìn ti igi ni, ẹ̀gún rẹ̀ ló sì fi ń há ẹ̀ka mú bí ìkọ́.”

“Àáà.” Bàbá jókòó padà. “Ayálégbé ni, nígbà náà.”

Ẹni tó bá mọ Bàbá Àlàbá yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kó tó wọ Amẹ́ríkà, láńlọ́ọ̀dù ni ní Mọ́lété, Ìbàdàn: yàrá méjìlá, ayálégbé méjìlá. Kò sí nǹkan tó wà láyé, títí kan àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà, tí kò lè fi wé ọ̀kan nínú wọn.

Dúpẹ́ ṣí fóònù rẹ̀. “Àkọ́kọ́ rèé. Kiftsgate lorúkọ ẹ̀. Ìyá kan, Heather Muir, ló gbìn ín sí ọgbà Kiftsgate Court ní Gloucestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1938. Ó ti gun igi kọjá 50 ẹsẹ̀ bàtà.”

“Aádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà! Mo mọ̀ ọ́n. Múfú ni.”

“Ta ni Múfú, sà?”

“Yàrá kan ni Múfú gbà. Òun nìkan, ẹní kan, rédíò kan. Oṣù kejì, ìyàwó dé. Oṣù kẹrin, ìyá ìyàwó dé. Nígbà tó máa fi di Kérésìmesì, ewúrẹ́ mẹ́ta ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, Múfú sì ti gbé ẹ̀rọ ìlọta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, ‘Múfú, yàrá kan lo gbà.’ Ó ní, ‘Bàbá, ṣebí inú yàrá náà ni mo ṣì ń sùn.’”

Dúpẹ́ gbà pé kò burú, Kiftsgate tóbi ju àgbàlá bàbá lọ. Ó fẹ́ ṣàlàyé pé irú róòsì yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn aládùúgbò gbìn mọ́ ògiri: ọwọ́ tirẹ̀ gùn, ó rọ̀, òdòdó rẹ̀ kéékèèké máa ń so pọ̀ ní ṣùkù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún.

“Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Múfú gan-an ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ẹ jẹ́ ká wo ti ìpínlẹ̀ wa níbí. Cherokee Rose. Funfun ni, ó ń ta sánsán. Ní 1916, ìjọba Georgia fi í joyè òdòdó ìpínlẹ̀.”

“Ọmọ onílẹ̀!”

“Rárá, sà. Ọmọ Ṣáínà ni.”

Ẹnu bàbá kò lè padé. Dúpẹ́ ṣàlàyé pé àwọn èèyàn ló gbé e wá láti òkèèrè, ó sì gbilẹ̀ débi pé nígbà tí André Michaux, onímọ̀ ewéko ará Faransé, fún un ní orúkọ ìwé nínú ìwé tó jáde ní 1803, ara ewéko Amẹ́ríkà ló kà á sí. Ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀, ó sì mú.

“Àjèjì dé, ó gba orúkọ onílùú, ó joyè, ó tún gbé ọ̀bẹ sápò,” ni bàbá wí. “Èyí kì í ṣe ayálégbé mọ́. Àwọn tó máa ń gba ilé lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn. Gbé e kúrò.”

“Ẹ ṣáà má gbin Multiflora, ohun yòówù tí ẹ bá ṣe. Láàárín àwọn ọdún 1930 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbìn ín, kó má baà sí ọ̀gbàrá, kó sì dí ẹran lọ́nà bí ọgbà. Àwọn ẹyẹ jẹ èso rẹ̀, wọ́n fọ́n kóró rẹ̀ káàkiri, ó wá di igbó tí apá kò ká.”

“Dúró ná. Ìjọba ló ní kí wọ́n gbìn ín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ìjọba yìí kan náà tó ní kí n wá gbàwé lórí igi mi?”

Dúpẹ́ wá èsì títí, kò rí i. Ó yára ṣí àwòrán mìíràn, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, rẹ́súrẹ́sú.

“Lady Banks. Èmi fọwọ́ sí èyí. Kò lẹ́gùn-ún tó tó nǹkan, àìsàn tó ń fi àmì dúdú sára ewé róòsì kì í sábà bá a jà nínú ooru Atlanta yìí. Orúkọ ìyàwó Joseph Banks, onímọ̀ ewéko ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fún un, èyí tó funfun nínú wọn ló sì kọ́kọ́ ti Ṣáínà dé ọgbà Kew ní London ní 1807. Ọ̀kan wà ní Tombstone, ní Arizona, tí wọ́n gbìn ní 1885. Wọ́n ní òun ló tóbi jù lágbàáyé nínú igi róòsì.”

“Tombstone? Ìlú tó ń jẹ́ Òkúta Sàréè?” Bàbá ṣe àmì àgbélébùú, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni.

Ó wá ku ẹyọ kan. Dúpẹ́ kò fẹ́ mú un wá, nítorí ó kéré sí igi náà. Òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kò lẹ́gùn-ún. Peggy Martin lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní 2005, omi òkun bo ọgbà obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ yìí ní Plaquemines Parish, ní Louisiana, bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá àti bàbá rẹ̀ bá ìjì náà lọ. Nígbà tí omi fà, ohun gbogbo tó gbìn ti kú tán, àfi róòsì yìí àti ewéko kan ṣoṣo mìíràn. William Welch, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Texas A&M, ló fi orúkọ obìnrin náà pè é.

Bàbá kò wí nǹkan kan. Èyí ya Dúpẹ́ lẹ́nu.

“Omi odò Ògùnpa, n’Ìbàdàn,” ló sọ níkẹyìn. “Oṣù kẹjọ 1980. Ó wọlé dé ojú fèrèsé mi. Gbogbo wọn kó lọ. Múfú kó lọ, tòun tewúrẹ́. Ìyá Tíṣà nìkan ló dúró, ìyá kúkúrú báyìí. Ó ń fi páànù gbọ́n omi jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìparí oṣù pé, ó mú owó ilé wá, owó náà tutù, ó ní kí n má bínú.”

“Bọ̀dá mi, èyí kì í sábà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 15. Ìdí igi yín ló máa mọ. Lady Banks ló lè gùn ún.”

“Mo ní ìyá kúkúrú ni, o ò gbọ́?”

Báyìí ni wọ́n ṣe gbìn ín. Wọ́n tún jà lórí ibi tí ihò máa wà. Bàbá fẹ́ ẹ sídìí igi gan-an, “kí ayálégbé sún mọ́ láńlọ́ọ̀dù”. Dúpẹ́ ní gbòǹgbò oak yóò mu omi rẹ̀ tán, kí wọ́n sún un síta, sí apá gúúsù tí oòrùn ń ràn sí, kí wọ́n sì fi okùn fà á wọ igi. Ó tún kìlọ̀ pé kí bàbá má gé e nígbà òtútù, torí ara ọwọ́ tó hù lọ́dún tó kọjá ni yóò ti tanná. Ẹ̀yìn tó bá ti tanná tán ni kó gé e. Ó ní kí bàbá máa bomi rin ín. Bàbá ní ayálégbé wo ni láńlọ́ọ̀dù ń pọnmi fún?

Ó ń bomi rin ín láràárọ̀, kó tó jẹun. Ìgbà ìrúwé ni Peggy Martin ń tanná, bó bá sì ti fìdí múlẹ̀ dáadáa, ó tún máa ń tanná nígbà ìwọ́wé: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, bíi ti Múfú. Fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ àtigé igi ṣì wà lórí tábìlì bàbá, ó fi kọ́ọ̀bù omi lé e lórí.