Àkísà Tuntun Lọ́jà Àlàbá

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ò tíì dé ọjà Àlàbá ní Èkó. Ká ní ó débẹ̀ ni, ì bá ti rọra gbé òwe rẹ̀ padà sápò. Bí ọmọdé òní bá ti ní owó lọ́wọ́ tó sì jí dé Àlàbá láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, àkísà rẹ̀ ti ju ti bàbá bàbá rẹ̀ lọ.

Ẹ má sì rò pé ohun ẹ̀gàn ni àkísà inú òwe yẹn. Ẹ̀rí ni. Sányán tó ti ya létí, àlàárì tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, wọ́n ń jẹ́rìí pé olówó wọn ti jó lóde rí, ó ti sìnkú, ó ti fẹ́yàwó, ó ti sọmọ lórúkọ. Aṣọ là ń rà, ìgbà ní í sọ ọ́ di àkísà. Àbí kí ni ká pe ẹni tó bọ́ aṣọ tuntun sílẹ̀, tó wá ń fi owó gidi ra èyí tó ti gbó lára ẹlòmíì?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Okokomaiko, tí n ò ní í dárúkọ nítorí pé ìyàwó rẹ̀ máa ń ka ohun tí mo bá kọ, ló mú mi ronú kan òwe yìí. Ó ra Ìjàpá. Kì í ṣe ìjàpá tó ń jẹ ewé o. Volkswagen ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rìbìtì bí igbá, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sáré lọ rà nígbà tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1975. Iye tó san lórí rẹ̀ tó ra tòkunbọ̀ Corolla tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù síni lára. Atẹ́gùn kan ṣoṣo tó wà nínú Ìjàpá yìí ni èyí tó ń gba ihò abẹ́ ẹsẹ̀ wọlé.

Bí ẹ bá rò pé ó fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ ni, ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi. Eré sísá ló rà á fún. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù títí ó fi wọ̀ wọ́n lára. Lẹ́bàá ìlú Bakersfield ní California, pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Famoso. Láti 1959 ni àwọn eléré mọ́tò ti ń pàdé níbẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Nígbà tó di 1992, wọ́n tún dá ìpàdé mìíràn sílẹ̀ fún àwọn àgbà inú eré náà, kí wọ́n lè máa fojú kan ara wọn àti àwọn mọ́tò ayé ọjọ́un. Eré yìí ò gùn. Mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á já lọ bí ọta ìbọn, mítà 402 péré, ó parí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ibì kan nínú ìpàdé ọ̀hún tí wọn kì í sáré rárá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á fi ọkọ̀ mìíràn ti àwọn mọ́tò ogbó wọ̀nyí lẹ́yìn títí ẹ́ńjìnì á fi jí, wọ́n á tò wọ́n sójú kan, iná á máa yọ lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ariwo á gba gbogbo àdúgbò, èrò á máa pàtẹ́wọ́, omi á máa dà lójú àwọn arúgbó. Owó ni wọ́n ń san láti wo mọ́tò tí wọ́n ń tì! Ní Okokomaiko, ọ̀fẹ́ là ń wò ó lójoojúmọ́, èpè la sì fi ń pàtẹ́wọ́ tiwa.

Àmọ́ n ò ní í bú àwọn ará Amẹ́ríkà. Bàbá arúgbó tó ń fi ìka nu ojú ẹ́ńjìnì yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló tò ó nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Àwọn ló rán aṣọ, àwọn ló wọ̀ ọ́ gbó. Àkísà wọn ni.

Tiwa wá ńkọ́? Lọ́jọ́bọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sin òun lọ sí Àlàbá láti ra rédíò tó bá ọjọ́ orí mọ́tò náà mu. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fíríìjì tí wọ́n tò bí ìbejì, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn gbohùngbohùn tó ń lu ara wọn lóhùn, a bá ọmọ Ìgbò kan tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ. Ó mú rédíò kan jáde. Ojú rẹ̀ dà bí igi, ó ní kókó méjì tí wọ́n ń yí, wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà ya ìpẹta sí i létí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ihò fláàṣì wà, Bluetooth sì wà nínú rẹ̀.

"Dádì, ẹ wo bó ṣe gbó," ló wí. "Tuntun ni o! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló dé láti Ṣáínà."

Ẹ̀gbọ́n mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Ṣé kò sí èyí tó gbó jù báyìí lọ?"

"Ó wà, Dádì. Àmọ́ ìyẹn wọ́n."

Bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, mo bojú wo abẹ́ tábìlì. Blaupunkt gidi kan wà níbẹ̀, irú èyí tó wà nínú mọ́tò bàbá mi, tí wọ́n fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Gbígbó ti gbó òun jù.

Owó tó ná kọ́ ló dùn mí, ibi tó ti ná an ni. Bí ẹ bá jáde ní Àlàbá tí ẹ bọ́ sí títì Àgbádárìgì, ẹ ó gbọ́ tí àwọn kọ̀ńdọ́ ń pè, "Volks! Volks wọlé o!" Orúkọ ibùdókọ̀ ni. Kí nìdí tí ibùdókọ̀ ní Ọ̀jọ́ yóò fi máa jẹ́ orúkọ Jámánì? Ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá nínú ọgbà yẹn, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Wọ́n to Passat, wọ́n to Jetta, wọ́n to Audi. Wọ́n to òmíràn tó ti Brazil wá, tí wọ́n ń pè ní Brasília lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sọ ọ́ ní Igala. Ẹ ò rí i bí? Ìjàpá àti Ìgalà nínú ọgbà kan ṣoṣo, bí ẹni pé àlọ́ ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ń pa.

Àlọ́ náà ò sì pẹ́ kó tó dé òpin. Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara mọ́tò wọ̀nyẹn ti ń bọ̀ láti òkè òkun, owó ilẹ̀ òkèèrè la sì fi ń rà wọ́n. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹni tẹ ilá, àpótí wọ́n, mọ́tò wọ́n ju àpótí lọ, ẹni tó ń gba owó oṣù ò lè sún mọ́ ọn mọ́. Nínú àwọn ọdún 1990, ariwo ti lọ sílẹ̀ nínú ọgbà náà. Ìjọba tà á lẹ́yìn náà. Ní 2014 wọ́n tún to Nissan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn, tòkunbọ̀ ti gba ìlú. Orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bí sókè òkun la mú, la fi sọ mọ́tò tí òyìnbó ti wà títí tó sú u. Ibo ni wọ́n sì ń gbà wọlé? Láti Kútọnu ni, wọ́n á gba Sèmè, wọ́n á gba títì Àgbádárìgì yìí kan náà, títí dìgbà tí ìjọba fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ ní January 2017, tí àwọn onífàyàwọ́ sì rẹ́rìn-ín. Ojú géètì Volks ni wọ́n ń gbà kọjá. Àkísà ń gba iwájú ilé aránṣọ kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sì sẹ́ni tó yojú.

A wá di ẹni tó ní àkísà ju àgbà lọ, tí kò sì ní aṣọ bí ọmọdé.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ìwé ló ń pa mí bí ọtí. Lójú tirẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, oyin ni gbogbo ayé àtijọ́. Ọ̀kan nínú wọn búra níṣojú mi pé òun fi Ìjàpá 1300 ya Peugeot 504 sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ìjàpá tó jẹ́ pé bó fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ sáré, agbára káká ni yóò fi dé kìlómítà 120 ní wákàtí kan! Wọ́n ti gbàgbé pé láyé oyin yẹn náà ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó burú débi tí ìjọba fi pín mọ́tò níyà: bí nọ́ńbà tó dọ́gba bá jáde lónìí, èyí tí kò dọ́gba á jókòó sílé. Àwọn olówó bá lọ ra mọ́tò kejì.

Ọjọ́ Àìkú, tí Àlàbá máa ń tilẹ̀kùn, ni wọ́n fi eré sí. Ìjàpá méjì ló wá. Àwọn mẹ́rin tó kù ò lè kúrò nílé. Wọ́n fi ẹfun fa ìlà sójú títì láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tilẹ̀kùn, ẹnì kan gbé áńkáṣíìfù sókè, ó jù ú sílẹ̀. Mọ́tò kan ṣáná, ó húkọ́, ó kú. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ húkọ́. Àwa mẹ́fà la fi èjìká tì í. Ó jí, ó ń ṣe gbà-gbà-gbà lọ, èéfín bò wá. Kó tó dé ìlà kejì, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó gbé ìyá kan àti àpò gàárì yà á sílẹ̀, awakọ̀ náà sì fun fèrè fún un pé kó kúrò lọ́nà.

Bàbá kan jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kò rẹ́rìn-ín bí àwọn tó kù. Nígbà tí mọ́tò náà kọjá, ó kàn gbé etí sí i.

"Kàbúrétọ̀ ni," ló wí.

Mo kí Bàbá náà, mo bi wọ́n bóyá mẹkáníìkì ni wọ́n. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní Volks làwọn ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe àwọn. Ilẹ̀kùn làwọn ń so mọ́ ọn, ti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹlòmíì ló ni ti òsì, àwọn ò sì mọ nǹkan kan nípa tòsì. Mo ní, "Ẹ̀yin náà á ti ní Ìjàpá nígbà yẹn, Bàbá?"

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Èmi? Mólùẹ̀ ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ti yí padà dé ọ̀dọ̀ wa báyìí, òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Mo sọ ẹni tí Bàbá jẹ́ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ní kí Bàbá wọlé, kí àwọn jọ yí ọjà po lẹ́ẹ̀kan. Bàbá dìde, wọ́n rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́tò náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kó gbé e wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó mú sùpánà mẹ́wàá dání. Ilẹ̀kùn yẹn ò tì.